Ẹ̀jẹ̀ Onísùúrù

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ìyàwó mi ní Ìyá Ajá, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn ajá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé fún àwọn tó ń gbé ọmọ ajá wá sẹ́nu ọ̀nà wa pé kí a bá àwọn tọ́ ọ. Bí ajá bá fò mọ́ ọn, á gbọn aṣọ rẹ̀ nù. Bí ajá bá lá a lọ́wọ́, á wá ọṣẹ. Ohun tó gba ọkàn rẹ̀ ni kòkòrò tín-ín-tín kan tí eégbọn máa ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀ ajá nígbà tó bá ń mu ún. Kòkòrò yẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀ pupa lọ, á bímọ síbẹ̀, á fọ́ ilé tó gbà á sílé, á tún bọ́ sí òmíràn. Kí olówó ajá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èrìgì ajá á ti funfun bíi ṣọ́ọ̀kì, ìtọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí.

Iṣẹ́ tèmi ni títún fìríìjì àti fírísà ṣe, àti ẹ̀rọ amúlétutù bí ẹni tó ni ín bá lè ní sùúrù. Iṣẹ́ yẹn ló mú mi pàdé rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti ilé ìwádìí àìsàn ẹran pé fírísà ńlá kan ti dákẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ọmọbìnrin kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó kó ìgò kéékèèké sínú yìnyín láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tó sì ń pàṣẹ fún mi bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. "Ẹ yára, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wulẹ̀ kí mi." N kò kí i. Mo tún fírísà ṣe, mo sì padà lọ lọ́jọ́ kejì láti wò ó bóyá ó ṣì ń tutù. Fírísà ni mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé mo wá wò. Nígbà tí mo tún yọjú lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀ṣọ́ náà ní, "Ọ̀gá, fírísà yìí mà rí ìtọ́jú gbà o."

A fẹ́ra, a bímọ obìnrin kan, ọmọ dàgbà, ó lọ sílé tirẹ̀, ìyàwó mi ṣì wà ní yàrá kan náà. Òpin kọ́rídọ̀ ni yàrá náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Fèrèsé kan ló ní, àti ẹ̀rọ omi kan tí kì í yéé kán sínú ike tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ biiri kí omi inú rẹ̀ lè yà kúrò lára èyí tó pọ́n. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á máa fò lórí tábìlì, wọ́n sì ti ká tówẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀ kó má baà bọ́ sílẹ̀. Àga ìyàwó mi ti pàdánù táyà kan, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ti ń jókòó lé e kó má dojú dé. Ibẹ̀ ló ń wọ̀ láàárọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jáde nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn á máa dùn ún, ojú á ti pọ́n. Bó bá délé, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Mà á ní, "Ìyá Ajá, ṣé o rí i lónìí?" Á ní, "Mi ò rí i, Bàbá ilé." Ìkíni wa nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó ń wá kò ṣòro láti sọ. Wíwá rẹ̀ ló le. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ajá ní kòkòrò yìí ni kí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi maikirosíkóòpù wò ó. Ó ń gba ojú, ó ń gba àkókò, kòkòrò náà sì lè wà níbẹ̀ kí ojú má rí i bí kò bá tíì pọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ ṣe páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń mọ̀ bóyá oyún ti dúró. O kán ẹ̀jẹ̀ ajá sí i, o dúró díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlà kan, kò sí nǹkan. Bó bá jẹ́ ìlà méjì, kòkòrò wà. Ó fẹ́ kí dókítà ajá tó wà níbi tí kò sí iná lè lò ó lórí ìkúnlẹ̀.

Kí ìlà kejì tó lè jáde, ó gbọ́dọ̀ rí purotéènì kan lára kòkòrò náà, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ajá tó ń ṣàìsàn mọ̀ dáadáa. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi tí n kò mọ̀ ju gáàsì àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ nìyí: ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀tá bá wọlé, wọ́n á kọ́ bí ojú rẹ̀ ti rí, wọn kì í sì gbàgbé. Bí o bá to gbogbo purotéènì kòkòrò náà kalẹ̀, tí o wá da omi ẹ̀jẹ̀ ajá tó ń ṣàìsàn lé wọn lórí, àwọn ọmọ ogun á rọ́ lọ bá èyí tí wọ́n mọ̀, ibẹ̀ á dúdú bí ìlà. Èyí tó bá dúdú fún gbogbo ajá tó ń ṣàìsàn ni ò ń wá.

Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ajá ni kòkòrò náà ń gbé. Bí o bá wó ilé láti mú olè, bíríkì ilé á dà pọ̀ mọ́ olè. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá dúdú, o gbọ́dọ̀ to ẹ̀jẹ̀ ajá tí kò ní kòkòrò rárá kalẹ̀ náà, kí o da omi ẹ̀jẹ̀ kan náà lé e lórí, kó lè dá ọ lójú pé ara olè ni, kì í ṣe ara bíríkì. Ibi tí Onísùúrù ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Onísùúrù ni ajá ilé ìwádìí náà, ajá pupa kan tí etí rẹ̀ kan ya. Inú ilé ni wọ́n bí i sí, inú ilé ló dàgbà sí, eégbọn kan kò bà lé e rí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń lò bí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Ta ló fẹ́ lọ máa bá ajá mìíràn jà nítorí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, nígbà tí èyí á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, á na ẹsẹ̀ iwájú, á sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àgbàlagbà tó ń gba abẹ́rẹ́? Òun nìkan ni ajá tí mo rí kí ìyàwó mi fọwọ́ pa lórí. Kí ó tó di pé ogbó pa á, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú ìgò kéékèèké nínú fírísà, èyí tó máa tó wọn lò fún ìgbà pípẹ́. Èmi sì ni mo ń tọ́jú fírísà náà. Bí iná bá lọ, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, kí wọ́n tó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wọn.

Nígbà tí ìyàwó mi wá rí ohun tó ń wá, kò pariwo. Ó délé, ó bọ́ bàtà, kí n tó béèrè, ó ní, "Mo rí i." Ó wọ yàrá lọ, ó sùn tòun ti aṣọ iṣẹ́. Ìlà kan ni, ó dúdú fún gbogbo ajá tó ń ṣàìsàn, kò sì hàn rárá níbi tí ẹ̀jẹ̀ Onísùúrù wà. Wọ́n sọ purotéènì náà ní Àkọ́bí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ra bisikíìtì fún gbogbo kọ́rídọ̀. Wọ́n fi Àkọ́bí ṣe páálí, wọ́n dán an wò lára ajá tó ní kòkòrò, ìlà méjì. Wọ́n dán an wò lára ajá tí ara rẹ̀ dá, ìlà kan. Ó wá ku kí àwọn tó ń gbọ́ bùkátà yàrá náà wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀ kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí páálí náà máa lọ bá àwọn dókítà ajá níbi gbogbo. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ti yàrá náà pa. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àárín.

Àárẹ̀ ara ìyàwó mi ti kọjá ohun tí oorun lè wò. Ọmọ wa á pè lórí fóònù, á ní, "Màmá, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ jàre, ṣé ajá ló bí yín ni?" Ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á gbé fóònù fún mi. Ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì. "Mo kàn fẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ mi," ó sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́. "Kí ajá kan yè níbì kan tí mi ò dé rí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni má jí mi."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà ni Ìyá Tíṣà gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Ìsàlẹ̀ wa ló ń gbé, opó ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń bi àgbàlagbà bíi tèmi bóyá mo ti gé èékánná. Ajá kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Àlejò, nítorí pé ọjọ́ òjò kan ló yà sábẹ́ òrùlé rẹ̀, tí kò sì lọ mọ́. Ó fi aṣọ ìbùsùn dì í, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ìyá Ajá, gbà mí," ó ní. "Kò jẹun láti àná. Wo ẹnu rẹ̀."

Ìyàwó mi ká ètè ajá náà sókè. Èrìgì rẹ̀ funfun. Ó mú páálí kan nínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó gún ajá náà létí, ó sì kán ẹ̀jẹ̀ sí i lórí tábìlì ìjẹun wa, búrẹ́dì mi wà níbẹ̀ o. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn. Ìlà kan jáde. Ìkejì náà jáde, ó pọ́n dáadáa. Mo rí i tí ojú ìyàwó mi tàn, ó ti pẹ́ tí n kò rí irú rẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù, mà," ó sọ fún Ìyá Tíṣà. "A ti mọ ohun tó ń ṣe é."

Ọkọ̀ iṣẹ́ mi ni mo fi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ajá, Àlejò wà lẹ́yìn láàárín àwọn páìpù. Dókítà ajá yìí jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá eyín. Ó ní kí òun kọ́kọ́ fi maikirosíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ìyàwó mi ní, "Kí lẹ tún ń wá, Dókítà? Ìlà méjì rèé." Ó rẹ̀ ẹ́, ó sì dá a lójú, n kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Dókítà bọ̀wọ̀ fún un, ó fa oògùn kòkòrò sínú abẹ́rẹ́. Oògùn líle ni. Bó ti ń wọlé ni Àlejò ké, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. "Kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀, mà," ni dókítà sọ fún Ìyá Tíṣà. "Ẹ̀rù ló ń bà á." Ìyàwó mi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Tíṣà di orí ajá náà mú.

Wọ́n tún fún un ní abẹ́rẹ́ kejì. Kàkà kí ara rẹ̀ yá, ṣe ló ń burú sí i. Ìyàwó mi gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí oògùn kò fi ràn án. Nígbà tó di Sátidé, Àlejò kú lórí ẹní tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná Ìyá Tíṣà. Èmi ni mo bá a gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí a ṣe tán, Ìyá Tíṣà dì mọ́ ìyàwó mi, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú."

Lọ́jọ́ Àìkú, dípò kí ìyàwó mi sinmi, ó ní kí n gbé òun lọ síbi iṣẹ́. Mo bínú, mo sì gbé e lọ. Mo jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ mi, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi maikirosíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ Àlejò láti igun kan gíláàsì náà dé igun kejì, ó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. N kò gbọ́ ohun kan àfi omi tí ń kán.

"Kò sí níbẹ̀," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Kòkòrò. Ẹyọ kan kò sí."

Ó ní kí n wá wò ó. N kò rí ju nǹkan róbótó-róbótó tó lẹ̀ mọ́ra wọn lọ. Ó ní ohun tí mo rí yẹn gan-an ni wàhálà náà. Ẹ̀jẹ̀ pupa kì í lẹ̀ mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀ àfi bí àwọn ọmọ ogun inú ara bá ti kọjú ìjà sí ará ilé. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ajá, kò sì nílò kòkòrò kankan. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Tilé ló pa Àlejò.

"Kí ló dé tí Àkọ́bí fi hàn, nígbà tí kò sí kòkòrò?" ó ní. Kì í ṣe èmi ló ń bi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó padà sọ́dọ̀ dókítà ajá, ó gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ajá tí ara wọn dá, funfun, dúdú, alámì tó-tò-tó. Ó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe ti Onísùúrù, ó da omi ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá tó ń ṣàìsàn lé wọn lórí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo lọ mú un. Àwòrán ohun tó jáde wà lórí tábìlì. Ìlà Àkọ́bí dúdú lára gbogbo wọn. Ti Onísùúrù nìkan ni kò sí.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn kì í ṣe oríṣi kan?" ó bi mí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ajá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ajá ló ní purotéènì yìí lára ẹ̀jẹ̀ pupa wọn. Onísùúrù wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò ní i. Bíríkì ni, Bàbá ilé. Bíríkì la sọ ní Àkọ́bí."

Ó ní bí kòkòrò bá ti ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ dáadáa, orí àwọn ọmọ ogun máa ń dàrú, wọ́n á máa lu olè, wọ́n á máa lu ilé. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi ń jáde fún ajá tó ní kòkòrò, tí kì í sì í jáde fún èyí tí ara rẹ̀ dá, tí ọmọ ogun rẹ̀ kì í lu ilé. Ṣùgbọ́n á jáde bákan náà fún ajá tí kò ní i, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ń bá ara rẹ̀ jà. Àlejò nílò oògùn tó máa pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun yẹn, a sì ń gún un ní oògùn kòkòrò.

Inú bí mi. Mo wo fírísà, ó ń kùn jẹ́jẹ́ ní igun yàrá, kò ní àbùkù kankan. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ burúkú wá ni mo ń mú tutù láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò burú," ó ní. "Àwa la sọ ajá kan di gbogbo ajá, nítorí pé ó máa ń na ẹsẹ̀ fún wa."

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọlé. Inú ilé ìwádìí yìí ló hu ewú sí, òun ló sì máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ da omi inú ike yẹn nù bó bá kún. Ìyàwó mi fi àwòrán hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i ná."

"Ọ̀gá, kì í ṣe ara kòkòrò."

"Mo gbọ́. Ṣebí ó ń hàn lára àwọn ajá tó ní kòkòrò? Irú ajá ìsàlẹ̀ ilé yín kò pọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, yàrá á wà, a ó wá ojúlówó. Bí wọ́n bá ti ibí pa, ta ló máa wá a?" Ó nawọ́ sí ike tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. "Àwa méjèèjì la darúgbó síbí."

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Nínú ọkọ̀, èmi náà sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, pé kí ó rọra ṣe, ọdún kan péré ló kù. Nígbà tí a délé, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́ kó tó gun àtẹ̀gùn, ó ń yọ́ rìn kọjá ẹnu ọ̀nà Ìyá Tíṣà kí ìyá náà má baà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tún jáde wá dúpẹ́. Bí mo ti rí ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà yàrá náà dé, aṣọ wọn mọ́, ojú wọn fani mọ́ra. Ooru mú débi pé wọn kò ti ilẹ̀kùn, èmi sì wà ní kọ́rídọ̀, mo tú irinṣẹ́ kalẹ̀ bí ẹni tó ní nǹkan ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tó dùn. Ìyàwó mi dìde. Ó fi àwòrán àwọn ajá tó ń ṣàìsàn hàn, wọ́n ń mi orí pé ó dára. Ó fi ti Onísùúrù hàn, wọ́n ń mi orí. Ó di etí tábìlì mú. N kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, mo sì ń bá a gbé ẹrù ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn. Ó wá fi àwòrán mìíràn lé e.

"Àwọn ajá tí ara wọn dá rèé," ó ní. "Ìlà náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa gbogbo wọn. A ṣìnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí páálí yẹn jáde."

Obìnrin kan láàárín wọn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kí wá lẹ rí láti gbogbo ọdún yìí wá?"

"Ẹ̀jẹ̀ ajá, mà."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjú sí fèrèsé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ìdúpẹ́ tó tutù ju fírísà lọ, wọ́n sì bá Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde lọ sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi padà wá sọ fún un pé ìparí oṣù ni wọn yóò ti yàrá náà. Ó sọ ọ́, ó lọ. Mo rò pé ó bínú lọ ni. Ó tún yí padà, ó gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó bá a gbé e dé ẹnu ọkọ̀.

Ó fi orí ti gíláàsì ọkọ̀ títí a fi délé. Mo rò pé ó ń sùn. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe rọra mú un gun òkè, kí n fa aṣọ fèrèsé, kí n pa fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kò bọ́ bàtà. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Tíṣà.

Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ajá! Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin méjèèjì. Báwo ni ti òní, ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọn ò gbà á, mà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbà á." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bí ọmọ ilé ìwé. "Ìyá, Àlejò kò ní kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀. Páálí mi ló ṣìnà. Dókítà fẹ́ wò ó dáadáa, èmi ni mo ní kó má wulẹ̀ wò ó. Oògùn mìíràn ló yẹ ká fún un."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Tíṣà.

"Ì bá ti yè?"

"Bóyá, mà. Mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́?" Ìyá Tíṣà ń wo ilẹ̀. "Ṣé ó dùn ún?"

Mo fẹ́ràn ìyàwó mi, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, mo gbàdúrà pé kó parọ́. Kí ló kù tó máa bàjẹ́? Irọ́ kékeré ni, àánú ni, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi.

"Ó dùn ún gan-an, mà," ìyàwó mi ní. "Ó dùn ún lẹ́ẹ̀mejèèjì."

Ìyá Tíṣà mi orí. Omi jáde lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Mo rí i," ó ní. "Gbogbo yín ń sọ pé kò dùn ún. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rí i."

Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wa, ó wọlé lọ gbé omi tíì kaná.